ÀPÒ ÒWÚ ÀTI ÀPÒ IKE: Ọ̀RỌ̀ SÍ ÀWỌN ỌBA, ÌJÒYÈ ÀTI Ọ̀MỌ̀WÉ ÌGBÓMÌNÀ

Ẹ̀yin ọba aládé, ẹ̀yin ìjòyè, ẹ̀yin ọ̀mọ̀wé ọmọ Ìgbómìnà nílé àti lẹ́yìn odi, ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ bá yín sọ nínú ìwé wa ti oṣù yìí lè dàbí ọ̀rọ̀ kékeré lójú ẹni tí kò bá rò ó jinlẹ̀. Ọ̀rọ̀ àpò ni. Kì í ṣe àpò ìṣúra Ìjọba, bí kò ṣe àpò tí obìnrin ń gbé kọ́ apá lọ sí ọjà, tí ọmọ ilé-ìwé ń kó ìwé sí, tí àlejò sì ń fi gbé ẹ̀bùn rẹ̀ lọ sílé nígbà tí ìnáwó bá parí. Ṣùgbọ́n àwọn baba wa, tí wọ́n fi àpò ka owó, tí ọ̀kẹ́ kan fi jẹ́ 20,000 owó ẹyọ, mọ̀ pé ohun tí ènìyàn fi ń kó ẹrù rẹ̀ kì í ṣe ohun yẹpẹrẹ. Ẹni tí ó bá ń ra àpò lọ́wọ́ àjèjì nígbà gbogbo, bó pẹ́ bó yá, yóò fi àpò náà ru owó ara rẹ̀ lọ fún àjèjì.

Ẹ jẹ́ kí a ro ẹjọ́ náà bí ó ti rí. Nígbà tí a bá ń ṣe ìwúyè, ìsìnkú àgbà, ìgbéyàwó tàbí ọjọ́ ìlú ní Òmù-Àrán, ní Ẹ̀sìẹ́, ní Ọ̀rọ̀, ní Àjàsẹ́-Ìpo tàbí ní Ìlá, kí ni ọ̀pọ̀ àlejò ń gbé lọ sílé? Àpò pẹlẹbẹ kan ni, tí a tẹ àwòrán olóyè tàbí ti òkú sí lára. Ó jọ aṣọ, ṣùgbọ́n kì í ṣe aṣọ. Ike ni, tí a ti inú èròjà epo rọ̀bì yọ, tí ẹ̀rọ sì tẹ́ pẹlẹbẹ kí ó lè fi ara jọ aṣọ. Bí oòrùn bá ti pa á fún ìgbà díẹ̀, yóò máa já wẹ́wẹ́. Lẹ́yìn náà yóò di èrò ààtàn, àwòrán olóyè yóò wà níbẹ̀ lára rẹ̀, ewúrẹ́ yóò sì máa tẹ ojú Kábíyèsí mọ́lẹ̀. Nínú ìlú kan náà, lọ́jọ́ ìnáwó kan náà, ọmọbìnrin kan jókòó sí ẹnu ọ̀nà ìyá rẹ̀, ó ń fi abẹ́rẹ́ onìkọ́ hun àpò òwú oníhò wínníwínní, èyí tí a lè fọ̀, tí a lè sá, tí a sì lè lò fún ọdún púpọ̀. Ta ni ó pè é kí ó wá ṣe iṣẹ́ fún ìnáwó náà? Kò sí. Owó tí ó yẹ kí ó wọ ilé rẹ̀ ti gba ọ̀nà Èkó lọ, ó sì ti ibẹ̀ gba ojú òkun lọ.

Èyí ni ẹ̀sùn tí a fi kan àwọn àgbà wa, a kò sì ní dẹ ohùn wa nígbà tí a bá ń sọ ọ́.

Kí ẹni tí kò tíì wo iṣẹ́ yìí dáadáa má baà rò pé eré ọwọ́ ni, ó yẹ kí a ṣe àlàyé rẹ̀. Kóróṣè ni àwọn ọmọbìnrin wa ń pè é. Abẹ́rẹ́ kan ṣoṣo ni a fi ń ṣe é, orí rẹ̀ sì tẹ̀ bí ìkọ́. A óò ta kókó kan sí òwú, a óò fi ìkọ́ fa òwú gba inú kókó náà kọjá kí ó di ojú kan. A óò tún fa òmíràn gba inú èyí, títí ojú yóò fi so mọ́ ojú bí ẹ̀wọ̀n. Láti ìdí ni a ti ń bẹ̀rẹ̀ àpò. Ìdí gbọ́dọ̀ ki, kí owó àti kọ́kọ́rọ́ má baà jábọ́. Bí a bá ti ń gòkè lọ, a óò máa fo àwọn ojú kan, a óò sì máa fi ẹ̀wọ̀n kéékèèké so èyí tí ó kù pọ̀, kí àwọn ihò tí ó dọ́gba lè yọ; níbẹ̀ ni ẹwà rẹ̀ wà. Nígbà tí a bá dé ẹnu àpò, a óò tún mú un ki. Okùn tí a óò fi gbé e kọ́ apá ni yóò ki ju gbogbo rẹ̀ lọ, nítorí pé òwú a máa nà bí ẹrù bá wúwo, kì í sì í fẹ́ padà sí bí ó ti wà. Ẹni tí ó bá fẹ́ kí ó dára síi yóò fi aṣọ tẹ́ inú rẹ̀. Ẹlòmíràn yóò fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, kí atẹ́gùn lè fẹ́ sí ọsàn àti ata tí ó wà nínú rẹ̀. Bí ènìyàn bá ṣi ojú kan fò ní ìlà kejì, ó lè má mọ̀ títí yóò fi dé ìlà kẹwàá tí ihò yóò kọ̀ tí kò ní dọ́gba mọ́. Kò sì sí àtúnṣe mìíràn ju pé kí ó tú u dé ibi tí ó ti ṣìnà. Ìṣirò ni iṣẹ́ yìí. Sùúrù ni. Àwọn tí wọ́n ń pè é ní eré kò tíì gbìyànjú láti hun ìdí àpò kan.

Ohun mẹ́ta ni a máa ń gbọ́ lẹ́nu àwọn àgbà nígbà tí a bá mú ọ̀rọ̀ yìí dé iwájú wọn. A óò dá wọn lóhùn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Èkíní, wọn a ní, “Iṣẹ́ òyìnbó ni, kí ni ó kan ẹgbẹ́ tí ń jà fún àṣà Yorùbá?” Àwọn tí ọ̀rọ̀ àṣà ń gbóná lẹ́nu wọn jù lọ ni wọ́n sábà máa ń sọ èyí, tí wọ́n sì ń sọ ọ́ nínú agbádá léèsì. Àwa kò jiyàn pé abẹ́rẹ́ onìkọ́ ti òkèèrè wá. Ṣùgbọ́n ẹ má ṣe sọ pé ìṣẹ̀dálẹ̀ òyìnbó ni, nítorí pé ẹ̀rí tí ó dájú nípa kóróṣè ní Yúróòpù kò ṣáájú ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún 19. Ìwé àwọn obìnrin kan ní ilẹ̀ Họ́láǹdì, tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Pénélopé, wà lára àwọn tí ó kọ́kọ́ tẹ àpẹẹrẹ rẹ̀ jáde, ní nǹkan bí 1823. Ọ̀pọ̀ oyè tí ẹ ń jẹ dàgbà ju iṣẹ́ náà lọ.

Ta ni ó tilẹ̀ sọ pé ìhun oníhò ṣe àjèjì sí ilẹ̀ wa? Ẹ wo ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ tí ẹ ń jó sí: kí ni ó mú ìlẹ̀kẹ̀ àti owó ẹyọ mọ́ ara akèrègbè bí kì í bá ṣe àwọ̀n tí a fi òwú ta ní kókó kókó? Ẹ wo àwọ̀n apẹja. Ẹ wo aṣọ òkè tí ahunṣọ mọ̀ọ́mọ̀ dá ihò sí lára, tí ẹ ń san owó gọbọi fún. Ọwọ́ tí ó mọ àwọn iṣẹ́ wọ̀nyí kò ṣe àlejò lọ́dọ̀ kóróṣè. Irin abẹ́rẹ́ nìkan ni ó jẹ́ tuntun. Nípa ti irin, ó yẹ kí ọmọ Ìgbómìnà jẹ́ ẹni ìkẹyìn tí yóò ṣe àríyànjiyàn. Ìtàn tí àwọn baba wa fi lé wa lọ́wọ́ ni pé ogbó tí Ọ̀ràngún gbà ní Ilé-Ifẹ̀ ni ó mọ ọ̀nà, òun ni ó sì ṣáájú àwọn ènìyàn rẹ̀ nínú igbó, tí a fi ń jẹ́ Ìgbómìnà títí di òní. Ẹnikẹ́ni kì í bèèrè alágbẹ̀dẹ tí ó rọ ogbó náà. Ibi tí ó mú wa dé ni à ń sọ.

Bí ẹ bá fẹ́ àpẹẹrẹ lára àwọn ẹ̀yà mìíràn, ẹ wo àwọn Wayuu, tí wọ́n ń gbé ní ilẹ̀ gbígbẹ La Guajira, ní ààlà Kòlóńbíà àti Fẹnẹsúẹ́là ní Amẹ́ríkà ti Gúúsù. Àpò kóróṣè ni iṣẹ́ tí ayé fi mọ̀ wọ́n. Àwọn ìyá ni wọ́n ń kọ́ àwọn ọmọbìnrin wọn, nígbà tí ọmọ bá ń di wúńdíá tí wọ́n sì yà á sọ́tọ̀ nínú ilé gẹ́gẹ́ bí àṣà wọn. Irú abẹ́rẹ́ tí àwọn ọmọbìnrin wa ń lò náà ni wọ́n ń lò, ṣùgbọ́n àwọ̀ àti ọnà tí wọ́n fi sí i jẹ́ tiwọn, wọ́n sì fi orúkọ ẹ̀yà wọn pe iṣẹ́ náà. Nítorí náà, ní ọjà Yúróòpù àti ti Amẹ́ríkà lónìí, “àpò Wayuu” ni ẹni tí ó bá fẹ́ rà á ń bèèrè. Wọn kò jókòó máa jiyàn nípa ibi tí ìkọ́ ti wá. Ẹ̀yà tí ó bá sọ iṣẹ́ kan di oúnjẹ, tí ó sì fi ọnà tirẹ̀ sí i, ni ó ni iṣẹ́ náà. Kò sí ohun tí ó dí wa lọ́wọ́ láti kó ọnà etí kíjìpá, ọnà ìdì orí àti ti ìlẹ̀kẹ̀ Ẹ̀sìẹ́ sínú àpò, kí ayé lè máa bèèrè àpò Ìgbómìnà.

Èkejì, wọn a ní, “Iṣẹ́ obìnrin ni, ohun tí ọmọdébìnrin fi ń pa ìrọ̀lẹ́ ni.” Ọ̀rọ̀ yìí ni ó bí wa nínú jù lọ, nítorí ó jẹ́ èébú sí ìyá gbogbo wa. Ṣé ọmọ Ìgbómìnà ni ó yẹ kí ó máa sọ irú rẹ̀? Ní Ìsẹ́yìn àti ní Ìlọrin, àwọn ọkùnrin ni wọ́n ń jókòó sí ìdí òfì tóóró. Ṣùgbọ́n lọ́dọ̀ tiwa, gẹ́gẹ́ bí ó ti rí lọ́dọ̀ àwọn Èkìtì, àwọn ará Ọ̀wọ̀ àti àwọn ará Òkun ní agbègbè Kàbà, òfì tí a gbé nàró ti ògiri wà lọ́wọ́ àwọn obìnrin. Àwọn ni wọ́n ń gbin òwú, tí wọ́n ń yọ hóró rẹ̀ kúrò, tí wọ́n ń gbọ̀n ọ́n, tí wọ́n ń ran án, tí wọ́n ń pa á láró, tí wọ́n sì ń fi hun kíjìpá, aṣọ tí ó nípọn, tí a fi ń lọ sí oko, tí a fi ń pọn ọmọ, tí a sì fi ń bora ní àkókò ọyẹ́. Ọ̀pọ̀ ọmọ ni owó òfì ìyá rẹ̀ rán lọ sí ilé-ìwé. Ìwọ ọ̀mọ̀wé tí ó ń pe iṣẹ́ òwú ní eré, lọ bèèrè lọ́dọ̀ àwọn àgbà ilé rẹ kí o tó tún la ẹnu rẹ.

Ẹ sì jẹ́ kí a sún mọ́ ilé síi. Ní Ẹ̀sìẹ́ ni àwọn ère òkúta wà, tí wọ́n ju 1,000 lọ, tí àwọn ará ìlú ti ń bọ láti ìgbà pípẹ́ kí Ọ̀gbẹ́ni H. G. Ramshaw, alábẹ̀wò ilé-ìwé fún ìjọ C.M.S., tó ròyìn wọn fún àwọn ará ìta ní 1933. Nítorí wọn ni a fi dá ilé ìṣẹ̀ǹbáyé sílẹ̀ níbẹ̀ ní 1945, èyí tí ó jẹ́ àkọ́kọ́ ní gbogbo Nàìjíríà. Ẹni tí ó bá wọ ibẹ̀ yóò rí ọkùnrin àti obìnrin tí wọ́n jókòó, pẹ̀lú irun dídì tí a fi ẹ̀sọ̀ gbẹ́ àti ìlẹ̀kẹ̀ lọ́rùn. A kò mọ orúkọ ẹyọ kan lára àwọn tí ó gbẹ́ wọn. Síbẹ̀, gbogbo wa ni à ń fi wọ́n yangàn, tí à ń mú àlejò lọ wò wọ́n, tí a sì ń wí pé, “Ẹ wo ọwọ́ àwọn ará ìgbàanì!” Ọ̀rọ̀ náà dára. Ṣùgbọ́n irú ènìyàn wo ni ó ń yin ọwọ́ òkú tí kò mọ orúkọ rẹ̀, tí ó sì ń ná iṣẹ́ ọwọ́ alààyè tí ó mọ baba rẹ̀ ní ìnákúnàá?

Bóyá ẹ ó wí pé iṣẹ́ abẹ́rẹ́ kò lè bọ́ ìlú. Ẹ gbọ́ ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní Áyálándì. Láti 1845 ni ànàmọ́ òyìnbó tí àwọn tálákà ilẹ̀ náà gbójú lé ti ń jẹrà nínú ilẹ̀. Ìyàn náà pa nǹkan bí 1,000,000 ènìyàn láàárín ọdún díẹ̀, àwọn tí ó sì sá gba ojú òkun lọ kò kéré sí iye náà. Ní àkókò yìí ni àwọn obìnrin ajẹ́jẹ̀ẹ́ ìjọ Páàdì ní agbègbè Cork ń kọ́ àwọn ọmọbìnrin ní kóróṣè. Ní ìlú Clones, ní 1847, ìyàwó àlùfáà kan tí ń jẹ́ Cassandra Hand dá ẹ̀kọ́ náà sílẹ̀ fún àwọn aláìní. Ohun tí wọ́n ń hun nínú ahéré ni àwọn ọlọ́lá Lọ́ńdọ̀nù àti Párísì ń rà sí ọrùn àti apá ẹ̀wù. Ọ̀pọ̀ ilé ni ó rí owó ilẹ̀ san, tí ó sì rí oúnjẹ jẹ nípa abẹ́rẹ́ kan àti ìdì òwú kan. Bí abẹ́rẹ́ bá lè dúró níwájú ìyàn, kí ni ó dé tí kò lè dúró níwájú àìríṣẹ́ṣe àwọn ọmọbìnrin wa?

Ẹ̀kẹta ni èyí tí àwọn ọ̀mọ̀wé fẹ́ràn jù: “Ẹ̀rọ ti borí wa. Ọwọ́ kò lè bá ẹ̀rọ du ọjà.” A mọ̀ pé ẹ̀rọ ti ṣe ilẹ̀ yìí ní ohun púpọ̀. Aṣọ Mansẹ́sítà ni ó kọ́kọ́ bá kíjìpá jà, nítorí ó fúyẹ́, ó sì pọ̀. Láti 1902 tí àwọn oníṣòwò Gẹ̀ẹ́sì ti dá British Cotton Growing Association sílẹ̀, òwú tútù ni wọ́n fẹ́ kí a máa tà fún àwọn, kí àwọn sì máa tà á padà fún wa ní aṣọ. Nígbà tí àwa náà sì gbé ẹ̀rọ kalẹ̀, ẹ wo bí ó ti rí: ilé-iṣẹ́ aṣọ Kaduna Textiles, tí ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1957, ti ilẹ̀kùn rẹ̀ ní 2002. Lẹ́yìn èyí, ẹ wo léèsì. Láti àwọn ọdún 1960 ni àwọn oníṣẹ́ ẹ̀rọ ní ìlú Lustenau, ní ẹkùn Vorarlberg ní ilẹ̀ Ọ́síríà, ti ń ṣe léèsì fún ìnáwó Yorùbá, títí a fi kó o sí ìpàtẹ ní ilé ìṣẹ̀ǹbáyé Vienna ní 2010, tí a sì gbé ìpàtẹ náà wá sí Èkó ní 2011. Àwọn ará Ọ́síríà jókòó, wọ́n wo ohun tí ojú wa fẹ́, wọ́n ṣe é, wọ́n sì là. A kò bá wọn jà. Ọgbọ́n ni wọ́n lò.

Ṣùgbọ́n ẹ fi etí sílẹ̀ dáadáa, nítorí ibí yìí ni àwíjàre ẹ̀rọ ti já. Títí di òní, kò sí ẹ̀rọ ilé-iṣẹ́ kan tí ń hun kóróṣè gan-an bí ọwọ́ ti ń hun ún. Ìkọ́ náà gbọ́dọ̀ máa wá ojú tuntun wọ̀ nígbà gbogbo, kí ó yí igun, kí ó padà sẹ́yìn, kí ó sì mọ ibi tí yóò fò. Nítorí náà, ojúlówó àpò kóróṣè tí a bá rí ní ọjà ibikíbi ní ayé, ọwọ́ ènìyàn kan ni ó hun ún. Nínú iṣẹ́ yìí, ọmọ Òmù-Àrán kò bá ẹ̀rọ kankan du ọjà. Ọmọ ènìyàn bí tirẹ̀ ni ó ń bá dù ú, pẹ̀lú irú abẹ́rẹ́ kan náà lọ́wọ́. Bí a bá ti ibí yìí pàdánù, kì í ṣe ẹ̀rọ ni ó lé wa.

Ohun tí ẹ̀rọ lè ṣe ni àfarawé. Ní àwọn ọdún 1880, àwọn oníṣẹ́ ẹ̀rọ ní Switsáláǹdì àti Jámánì rí ọgbọ́n kan: ẹ̀rọ yóò ṣe ọnà sórí aṣọ, wọn yóò fi kẹ́míkà jẹ aṣọ náà kúrò, òwú ọnà nìkan ni yóò sì kù, oníhò bí iṣẹ́ ọwọ́. Àfarawé yìí wà lára ohun tí ó ba ọjà àwọn obìnrin Áyálándì jẹ́, nítorí pé àwọn tí ń rà á wà ní òkèèrè, wọn kò mọ ẹni tí ó hun ún, owó pọ́ọ́kú nìkan ni wọ́n ń wò. Ẹ̀kọ́ tí ó wà níbẹ̀ fún wa ni pé kí iṣẹ́ wa kọ́kọ́ ní oníbàárà nílé, láàárín àwọn tí ó mọ ojúlówó yàtọ̀ sí àfarawé. Ẹ̀yin sì ni oníbàárà náà. Bí Ọlọ́mù, bí Ẹlẹ́sìẹ́, bí àwọn olórí ẹgbẹ́ ìlú kò bá rà á, kí ni àlejò yóò rí rà?

A kò ní bá àwọn ọ̀dọ́bìnrin wa pọ́n ọ̀rọ̀ lé nítorí pé a ń gbèjà wọn. Ọ̀pọ̀ nínú òwú tí wọ́n ń rà ní ọjà kì í ṣe òwú rárá. Òwú àtọwọ́dá ni, tí a ti inú èròjà epo rọ̀bì yọ bí àpò ike tí à ń bá jà. Ó ń dán, ó pọ̀ ní àwọ̀, owó rẹ̀ sì fúyẹ́. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá fi í hun àpò, tí ó sì pe ara rẹ̀ ní ọ̀tá ike, ṣì ń rìn lójú ọ̀nà ilé ike. Ìgbádùn àpò yìí ni pé òwú ni: a lè sè é nínú omi gbígbóná, a lè pa á láró, bí ó bá sì gbó tí a sin ín, yóò jẹrà, ilẹ̀ yóò sì gbà á. Òwú ń hù ní ilẹ̀ Nàìjíríà yìí, a sì ń kó o jáde ní Fúntùá àti ní àwọn ìlú òkè ọya mìíràn. Ó hù nínú oko àwọn ìyá wa kí ọkọ̀ ojú irin tó dé Ìbàdàn. Ní Òmù-Àrán gan-an ni Yunifásítì Landmark wà láti 2011, tí iṣẹ́ àgbẹ̀ jẹ́ olórí ohun tí ó gbé dání. Òwú kò jìnnà sí wa. Ẹni tí yóò gbìn ín ni kò sí, nítorí pé ẹni tí yóò rà á kò sí.

Ọ̀rọ̀ iye owó kù. Ẹni tí ó bá ra léèsì àgbéwọlé kì í sábà jiyàn títí nípa owó rẹ̀. Ó tilẹ̀ ń fẹ́ kí ayé mọ iye tí ó rà á. Ṣùgbọ́n bí ọmọ àdúgbò bá gbé àpò tí ó fi ọ̀pọ̀lọpọ̀ ìrọ̀lẹ́ hun wá, ohùn yóò yí padà: “Èló ni òwú ibẹ̀? Ṣebí ọwọ́ lásán ni o fi ṣe é.” Ọwọ́ lásán! Bí agbẹjọ́rò bá kọ ìwé kan fún yín, ṣé iye tákàdá ni ẹ ń san fún un? Bí dókítà bá fi ọwọ́ kàn yín, ṣé iye oògùn nìkan ni? Ẹ̀yin tí ẹ ń jẹun nínú ìmọ̀ orí yín, ẹ fi ojú kan náà wo ìmọ̀ ọwọ́ ẹlòmíràn.

Nítorí náà, a kò kọ ìwé yìí kí a lè ráhùn kí a sì lọ sùn. Ohun mẹ́rin ni a ń bèèrè.

Èkíní, kí ọba àti ìgbìmọ̀ ìlú kọ̀ọ̀kan fòpin sí pínpín àpò ike ní ìwúyè, ní ọjọ́ ìlú àti ní ìnáwó gbogbo tí wọ́n bá ní ọwọ́ nínú rẹ̀. Bí owó kò bá tó láti fún ẹgbẹ̀rún àlejò ní àpò òwú, kí a fún àwọn ọgọ́rùn-ún tí ó ṣe pàtàkì. Kí ìyókù jẹun kí wọ́n sì lọ pẹ̀lú àlàáfíà. Àwọn baba wa ṣe ìnáwó fún ọ̀rúndún púpọ̀ láìfún àlejò ní ike.

Èkejì, kí iṣẹ́ náà dé ọwọ́ àwọn ọmọbìnrin ní kùtùkùtù, kí a sì san ìdajì owó fún wọn ṣáájú. A kì í hun ọgọ́rùn-ún àpò láàárín ọ̀sẹ̀ kan. Olóyè tí ó mọ ọjọ́ ìwúyè rẹ̀ ní oṣù mẹ́fà ṣáájú lè fi iṣẹ́ fún ogún ọmọbìnrin, kí olúkúlùkù hun márùn-ún láìkánjú.

Ẹ̀kẹta, kí òwú jẹ́ òwú. Kí àwọn obìnrin tí wọ́n ṣì mọ òwú rírán ní ìlú wa rí ọmọ tí yóò kọ́ ọ lọ́dọ̀ wọn, kí a san owó ẹ̀kọ́ fún wọn bí a ti ń san án fún olùkọ́ ilé-ìwé. Títí òwú rírán yóò fi pọ̀ tó, kí a ra èyí tí a ti inú òwú Nàìjíríà ṣe níbikíbi tí a bá ti rí i.

Ẹ̀kẹrin, kí àwọn tí ń mú àlejò lọ sí ilé ìṣẹ̀ǹbáyé Ẹ̀sìẹ́ bá àwọn aláṣẹ ibẹ̀ sọ ọ́, kí iṣẹ́ ọwọ́ àwọn ará ìlú wà níbi tí àlejò yóò ti rí i rà. Kò yẹ kí ẹni tí ó ti òkèèrè wá wo ọwọ́ àwọn ará ìgbàanì padà lọ láìmọ̀ pé àwọn ọmọ wọn ṣì ní ọwọ́.

Bí ẹnìkan bá rò pé a ń sáré ju ayé lọ, ó ti pẹ́ kí ó tó jí. Rùwáńdà ti fòfin de àpò ọ̀rá láti 2008. Kẹ́ńyà ṣe bẹ́ẹ̀ ní 2017. Ìpínlẹ̀ Èkó ti bẹ̀rẹ̀ sí í fi òfin mú ọ̀rá fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ àti àwọn ike àlòdanù mìíràn láti July 1, 2025. Ní ibi tí òfin bá ti lé ọ̀rá kúrò, ènìyàn yóò ṣì ní ẹrù tí yóò gbé, àpò kan yóò sì ní láti wà tí yóò gbé e. Ìbéèrè náà ni pé àpò ta ni. Bí a bá jókòó, àwọn tí ó ta ike fún wa yóò tún ta àpò òwú fún wa, wọn yóò tẹ àwòrán yín sí i bí wọ́n ti ń ṣe, ẹ̀yin yóò sì tún sanwó.

Àwọn àgbà ni wọ́n wí pé ọmọ tí a kò kọ́ ni yóò gbé ilé tí a kọ́ tà. A fi kún un pé ọmọ tí a kọ́ ní iṣẹ́, tí a kò sì ra iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, yóò fi ilé sílẹ̀ fún àdán. Àwọn ọmọbìnrin Ìgbómìnà ń lọ sí Ìlọrin, sí Èkó, sí Abuja, wọ́n ń gbé abẹ́rẹ́ wọn lọ, àwọn mìíràn sì ti jù ú nù. Ìnáwó tí ń bọ̀ ní ìlú kálukú kò jìnnà. Kí olúkúlùkù olóyè tí ó bá ka ìwé yìí ránṣẹ́ pe ọmọbìnrin ahunpò kan ní àdúgbò rẹ̀ kí oṣù yìí tó parí, kí ó bèèrè iye tí ó ń gbà, kí ó má sì ná an.